Ìyá Agbẹ̀bí Nínú Yàrá Ẹrù

Sùúrù kì í ṣe ẹ̀bùn mi. Ìyá tó bí mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ti bá mi ṣiṣẹ́ rí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ tó rán mi lọ sílẹ̀ òkèèrè pé kí n lọ kọ́ àwọn tí kò lo íńtánẹ́ẹ̀tì rí lọ́fẹ̀ẹ́ náà ì bá mọ̀, ká ní wọ́n béèrè. Wọn ò béèrè. Wọ́n ní ṣé mo mọ kọ̀ǹpútà lò, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n bá fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú àti fìlà kan tí orúkọ ẹgbẹ́ wọn wà níwájú rẹ̀. Èdè àwọn tí mo ń lọ bá ò yọ mí lẹ́nu. Mo gbọ́ ọ dé ibi tí wọn ò fi lè máa tà mí kí n máa rẹ́rìn-ín.

Yàrá tí wọ́n fún mi wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Yàrá ẹrù ni tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń wọn ohun tí àwọn èèyàn bá fẹ́ fi ránṣẹ́. Káńtà onígi gígùn ṣì wà níbẹ̀, òṣùwọ̀n irin ńlá kan sì jókòó sí ìkángun rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè gbé kúrò. Orí káńtà yìí la to kọ̀ǹpútà sí. Márùn-ún ni wọ́n ṣèlérí, márùn-ún náà ló sì dé, àmọ́ mẹ́ta péré ló ń tàn. Mo fi àwọn méjì tó ti kú kọ́ àwọn ẹni tuntun. Màá ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù wọ́n, kò kúkú lè bàjẹ́ ju bó ṣe wà lọ.

Àwọn mẹ́ta kan wà tí kì í pa kíláàsì jẹ. Èkíní ni Onígbàjámọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì òpópónà, tí kò wá nǹkan míì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ju bọ́ọ̀lù lọ. Èkejì ni Oníbúrẹ́dì, opó kan tó fẹ́ mọ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri ayé ṣe ń po ìyẹ̀fun, tó sì máa ń bá wọn jà níwájú sìkírínì bí ẹni pé wọ́n ń gbọ́ ọ. Ẹ̀kẹta, tó dàgbà jù nínú wọn, ni Ìyá Agbẹ̀bí. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n àdúgbò ò gbà pé ó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló gbẹ̀bí gbogbo ọmọ Oníbúrẹ́dì. Òun náà ló gbẹ̀bí Onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀, bí ìyẹn bá sì fẹ́ máa ṣe àṣejù, Ìyá á rán an létí pé òun lòun kọ́kọ́ gbá a nídìí láyé yìí, ọwọ́ náà ò sì tíì kú.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, kò jókòó. Ó mú ọṣẹ jáde nínú báàgì rẹ̀, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi tó wà lágbàlá, ó fọ ọwọ́ méjèèjì dé ìgúnpá, ó sì padà wá gbé ìka tútù lé orí kíbọọ̀dù. Mo pariwo. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ń ké láìnídìí, ó ní òun ò fi ọwọ́ ìdọ̀tí kan ohun ẹlẹ́mìí rí. Mo ní kọ̀ǹpútà ò lẹ́mìí. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó ní kí ló wá dé tí ara rẹ̀ fi ń gbóná.  Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé aṣọ ìnuwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni mo fi lélẹ̀: ẹni tó bá lo kọ̀ǹpútà tán gbọ́dọ̀ pa gbogbo ohun tó ṣí, kó sì pa ẹ̀rọ náà, kó tó dìde. Onígbàjámọ̀ kì í rántí. Oníbúrẹ́dì ní tirẹ̀ á kàn fa wáyà yọ lára ògiri, á ní ṣebí ìyẹn náà pa á. Mo sọ fún un títí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kò gbọ́, ihò iná tó sì ń fà á yọ nínú rẹ̀ lójoojúmọ́ ti fẹjú débi pé wáyà ò dúró dáadáa nínú rẹ̀ mọ́. Ìyá Agbẹ̀bí nìkan ló mọ̀ ọ́n pa. Ohun gbogbo ló ń pa létòlétò, bí ẹni ń palẹ̀ yàrá mọ́ lẹ́yìn ìbímọ, á sì dúró títí iná pupa kékeré yẹn á fi kú. Mo máa ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn yòókù.

Ọ̀rọ̀ tó gbé e wá, lẹ́yìn kíláàsì ló sọ ọ́ fún mi, nígbà tí àwọn yòókù ti lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, tó ń pè ní Kékeré títí di òní. Ọ̀nà jíjìn ni Kékeré ń gbé. Ó lóyún àkọ́bí, iṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi sì ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe. Orí omi ni yóò wà nígbà tí oyún bá pé. Dókítà ti sọ fún Ìyá pé ọkàn rẹ̀ ò lè gba ọkọ̀ òfuurufú. Ó wá ku kí ó ti orí ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Mo ní kó máa pè é lórí fóònù, ìyẹn rọrùn. Ó ní rárá, ojú lọ̀rọ̀ wà.

Mo rò pé ó ti parí, mo ti ń kó ẹrù mi. Ó wá sọ èyí tó kù, láìgbójú sókè. Ní gbogbo ìgbà tí Kékeré ń dàgbà, bí ẹnì kan bá ti ń rọbí, ilẹ̀kùn wọn ni wọ́n ń kàn, gbólóhùn tí wọ́n sì fi ń mú Ìyá jáde ò ju ẹyọ kan lọ: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó ní òun ò rí èsì fún ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ó gbọ́ ọ nígbà tí ibà dá Kékeré dúbúlẹ̀, ó lọ. Ó gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fún Kékeré ní ẹ̀bùn nílé ìwé, ó lọ. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó Kékeré pàápàá, wọ́n wá pè é kí wọ́n tó ya fọ́tò.

“Mo ní mò ń bọ̀,” ló wí. “Nígbà tí mo máa padà dé, wọ́n ti ń gbálẹ̀.”

Kékeré ò bínú lọ́jọ́ náà. Ìgbà tó wá kí i kẹ́yìn ló tó sọ̀rọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ. Ó ní, “Ìyá, ṣé ó dìgbà tí mo bá di ọmọ ọlọ́mọ kẹ́ ẹ tó jókòó tì mí?” Ìyá Agbẹ̀bí ní òun ò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ó ti ṣèlérí fún un pé lọ́tẹ̀ yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun ò ní dìde. Ó wá bi mí bóyá ẹni tó dàgbà tó òun lè mọ ẹ̀rọ yìí lò kí oyún tó pé. Inú mi bà jẹ́ débi pé mo gbàgbé láti jágbe. Mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀, mo sì pinnu lọ́kàn mi pé bó bá gbà kí n sùn sínú yàrá ẹrù, yóò mọ̀ ọ́n.

Ó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gungi, ó sì gun ún. Bí ẹni di òròmọdìẹ mú ló ṣe ń di máòsì mú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn. Mo ní kí Onígbàjámọ̀ máa pè é láti ṣọ́ọ̀bù kó lè fi ṣe ìdánrawò. Ohun àkọ́kọ́ tí Ìyá sọ nígbà tí ojú rẹ̀ yọ ni pé imú rẹ̀ ò tíì yí padà láti ọjọ́ tó ti bọ́ sí òun lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló pe Kékeré gan-an. Wọ́n rí ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwòrán Ìyá fúnra rẹ̀ máa ń hàn ní igun ìsàlẹ̀ sìkírínì, àmọ́ kì í wo ibẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní òun mọ ojú òun.

Ó wá ku ẹ̀kọ́ kan tó yẹ kí n kọ́ wọn dáadáa tí mo sáré kọ́. Ẹ̀kọ́ nípa àwọn oníjìbìtì ni. Mo fi kámẹ́rà kékeré tó wà lórí kọ̀ǹpútà hàn wọ́n, mo ní ojú nìyẹn, àwọn àjèjì tí ẹ ò mọ̀ rí lè máa gba ibẹ̀ yọjú wo ohun tó ń lọ láìjẹ́ pé ẹ fura. Ohun tí kì í bá ṣe fún gbogbo ayé, ẹ fi nǹkan bo ojú náà. Oníbúrẹ́dì fa ẹ̀wù rẹ̀ bo àyà. Onígbàjámọ̀ ní kí wọ́n máa wo òun, bóyá wọ́n á wá gẹrun. Ìyá Agbẹ̀bí tún un bi mí pé àjèjì lè gba ibẹ̀ wo ohun tó ń lọ lóòótọ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé Oníbúrẹ́dì tún ti ń tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀. Ó mi orí. Mo yíjú sí Oníbúrẹ́dì.

Ọjọ́ tó pé, ọ̀sán gangan ni. Mo ń kọ́ Oníbúrẹ́dì bí wọ́n ṣe ń wá nǹkan láìkọ ìtàn ìgbésí ayé ẹni sí i, nígbà tí Ìyá Agbẹ̀bí wọlé. Ó wọ épírọ́ọ̀nù funfun tí wọ́n lọ̀ tó gún. Báàgì iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ó ti bẹ̀rẹ̀, Kékeré ti wà ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì ti gbé fóònù sórí tábìlì fún un. Alẹ́ ti lẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn. Ó to ohun gbogbo sórí káńtà bó ṣe máa ń tò ó: ọṣẹ, sísọ́ọ̀sì, pílásítà, aṣọ funfun tó mọ́ tónítóní. Ó lọ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó sì nu ún gbẹ kó tó kan nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí wa, ó ní kí gbogbo wa jáde.

Mo ní èmi kọ́, èmi ni tíṣà, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ó bi mí pé ta ló máa ń wà nínú yàrá pẹ̀lú òun bí òun bá ń ṣiṣẹ́. Mo ní aláboyún.

“Ìwọ lóyún ni?”

Mo jáde. Ó ti ilẹ̀kùn.

Àga gígùn kan wà ní ọ̀nà tó já sí ilé ìfìwéránṣẹ́, ibẹ̀ la jókòó sí. Onígbàjámọ̀ sáré dé láti ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà rẹ̀ kan tẹ̀ lé e pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, apá kan orí rẹ̀ ti dán, irun ṣì wà lápá kejì. Mo ti kìlọ̀ fún gbogbo wọn pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wo bọ́ọ̀lù lónìí, kí íńtánẹ́ẹ̀tì lè tó Ìyá lò, Onígbàjámọ̀ sì ti gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá. Mo ti yí ohùn ẹ̀rọ náà sókè dé òpin nítorí etí àgbàlagbà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

A gbọ́ tí Ìyá ní, “Mo ti dé o, Kékeré mi. Mo wà níbí.”

Ohùn ọmọ náà jáde, ó ń mí gúlegúle. “Ibo lẹ wà, Ìyá?”

“Iwájú rẹ níbí.”

“Mi ò rí yín. Òkùnkùn ni mò ń rí.”

A gbọ́ tí àga ha ilẹ̀. Èmi tí mi ò mọ nǹkan nípa ìbímọ, mo rò pé íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe é. Àmọ́ agbẹ̀bí ni Ìyá. Bí ẹni tó ń rọbí bá ní òkùnkùn lòun ń rí, ohun kan ṣoṣo ni agbẹ̀bí ń gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn: ẹ̀jẹ̀ ríru.  Ó bẹ̀rẹ̀ sí ké sí àwọn nọ́ọ̀sì ọ̀hún láti inú kọ̀ǹpútà, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọmọ òun wò, ojú rẹ̀ ti ń ṣú. A gbọ́ tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. A gbọ́ tí nọ́ọ̀sì kan ní kò sí nǹkan kan, ara rẹ̀ le. Kékeré wá bú sẹ́kún.

“Ojú mi ò ṣe nǹkan kan,” ló ní. “Ẹ̀yin lẹ ò sí níbẹ̀. Ẹ ti lọ bá ẹlòmíì, ohùn yín lẹ fi sílẹ̀ fún mi.”

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá Agbẹ̀bí yọ orí síta. Ó ní, “Tíṣà, wọlé.”

Mo wọlé. Kékeré wà lójú sìkírínì, irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ iwájú orí, ojú rẹ̀ ń wá nǹkan kiri tí kò rí. Mo wo igun ìsàlẹ̀ tí àwòrán Ìyá yẹ kó wà. Dúdú ni. Mo wá gbójú sókè. Pílásítà funfun wà lójú kámẹ́rà, wọ́n tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa yíká, bí ìgbà tí wọ́n di egbò. Ariwo ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi, ẹnu mi ti là láti bi í pé ta ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, mo bá rántí ẹni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbé e mì.

Mo rọra ní, “Ìyá, kí lẹ fi bo ojú yìí?”

“Ìhòòhò ọmọ mi ló fẹ́ wà níbẹ̀. Ìwọ lo ní àjèjì lè máa gba ibẹ̀ wò ó.”

“Ojú yìí ò wo ọmọ yín. Ẹ̀yin ló ń wò. Ibẹ̀ lọmọ yín ń gbà rí yín.”

Ó dúró. Ó wo kámẹ́rà, ó wo ara rẹ̀, ó wo épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Ó ní, “Èmi?” Mo ní ẹ̀yin ni. Ó hàn gbangba pé kò rò ó rí. Nínú gbogbo yàrá tó ti ṣiṣẹ́, òun ló ń wo èèyàn. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé ẹnì kan wà tó fẹ́ rí òun. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo fẹ́ gbá a mọ́ra, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún ìyẹn.

Ó ti lẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, èékánná ò ràn án. Mo ké sí Onígbàjámọ̀ pé kó mú bíléèdì wá. Ó na ọwọ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wa, kò yọjú. Ìyá gba bíléèdì náà, ó mú èémí dúró, ó fi ṣí etí pílásítà, ó sì fà á kúrò. Kékeré wò ó títí kó tó sọ̀rọ̀.

“Ẹ wọ épírọ́ọ̀nù yín.”

“Iṣẹ́ ni mo wá ṣe.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ìrora tó ń bọ̀ sì gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu. Mo fẹ́ jáde, Ìyá ní kí n dúró, kí n máa tọ́jú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kí n lọ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Mo bá lọ jókòó sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ káńtà, lẹ́bàá ògiri, níbi tí ihò iná tí Oníbúrẹ́dì ti bà jẹ́ wà. Mo rí i pé díẹ̀ ló kù kí wáyà ẹ̀rọ Ìyá yọ. Mo fọwọ́ dì í mú, mi ò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Níbi tí mo wà, mi ò lè rí Kékeré. Ojú Ìyá nìkan ni mò ń rí, lójú rẹ̀ ni mo sì ti wo ìbímọ náà.

Kò bá àwọn nọ́ọ̀sì du iṣẹ́. Bí Kékeré bá bi í pé kí lòun ó ṣe, á ní kó gbọ́ ti àwọn tó wà níbẹ̀, iṣẹ́ tiwọn nìyẹn, iṣẹ́ tòun ni kí òun máa wò ó. Ó ń bá a mí. Bí ọmọ bá fa èémí sínú, ìyá á fà á sínú. Bó bá tú u jáde, ìyá á tú u. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò rí nǹkan ṣe. Ó ń gbé e, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, ó ń gbá etí káńtà mú, ó tún ń jù ú sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀ràn ti gbóná ni wọ́n ti kan ilẹ̀kùn. Ohùn ọkùnrin kan ni, mi ò mọ̀ ọ́n, ó ń mí bí ẹni tó sáré dé. Ó ní ìyàwó òun ń rọbí, wọ́n ní Ìyá Agbẹ̀bí wà níbí. Oníbúrẹ́dì ń sọ fún un pé kó rọra, kò rọra. Ó wá sọ gbólóhùn yẹn, kí ó tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé yóò sọ ọ́: “Ìyá, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.”

Kékeré gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ó gbọ́ ọ, nítorí pé ẹ̀rọ náà dákẹ́, kò tiẹ̀ sí ìró èémí nínú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ wá jáde wẹ́rẹ́, bíi ti ẹni tó ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà láti kékeré.

“Mo gbọ́, Ìyá. Ẹ máa lọ.”

Mi ò ní purọ́: Ìyá dìde. Kò dìde tán, ìdí rẹ̀ kàn kúrò lórí àga, ọwọ́ rẹ̀ ti kan báàgì. Àṣà àtọdúnmọ́dún ló gbé e dìde. Mo di wáyà mi mú, mò ń gbàdúrà láìla ẹnu. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó wà lára báàgì náà bí ẹni ń wo ọwọ́ ọlọ́wọ́, ó sì mú un kúrò. Ó jókòó padà.

Ó sọ̀rọ̀ sí ilẹ̀kùn láìyí orí. “Gbé e lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí ìsàlẹ̀ òpópónà. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Òótọ́ lo sọ, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà tí mo wà lónìí rèé.”

A gbọ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin náà tó ń sáré lọ, a sì gbọ́ tí Onígbàjámọ̀ ń sáré tẹ̀ lé e pé òun máa fọ̀nà hàn án. Oníbàárà rẹ̀ sì wà lórí àga níbẹ̀, pẹ̀lú irun apá kan. Láti inú ẹ̀rọ, Kékeré pariwo. Kì í ṣe ariwo ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀. Ìyá ní, “Ó dára. Ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Mò ń wò ẹ́.”

Lẹ́yìn náà, mo rí i tí ẹnu Ìyá là, tí kò sì pa dé. Igbe ọmọ tuntun kún inú yàrá ẹrù, nítorí pé ohùn ẹ̀rọ ṣì wà lókè pátápátá. Oníbúrẹ́dì ń dúpẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá ò sunkún. Ó béèrè bóyá ìka ọmọ pé, bóyá ìwọ́ dára, bóyá ẹ̀jẹ̀ ìyá ọmọ ti dáwọ́ dúró. Wọ́n ní obìnrin ni. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, báwo ló ṣe wúwo tó? Nọ́ọ̀sì ní kílò mẹ́ta ó lé díẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, mo sì mọ ohun tó ń rò kó tó sọ ọ́. Gbogbo ọmọ tó gbẹ̀bí ládùúgbò yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ láyé. Ọmọ ọmọ rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀ ọ́n. Ó yí orí, ó wo ìkángun káńtà.

“Tíṣà, ṣé òṣùwọ̀n yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́?”

Mo ní mo rò pé ó ń ṣiṣẹ́. Ó dìde, ó gbé kíbọọ̀dù kan lára àwọn kọ̀ǹpútà tó ti kú, ó gbé e lé orí òṣùwọ̀n. Kò tó. Ó mú ìwé ńlá tí mo fi ń kọ́ wọn, ó gbé e lé e, ó tún fi ọṣẹ rẹ̀ kún un. Ó ku díẹ̀. Ó ké sí Oníbúrẹ́dì, ìyẹn sì fún un ní búrẹ́dì kan láti inú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó pọ̀ jù. Ó bù ú sí méjì, ó fi ìdajì lé e, ó tẹ̀ síwájú wo abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n náà, ó tún já díẹ̀ kúrò lára búrẹ́dì. Nígbà tó ṣe déédéé, ó tẹ́ aṣọ funfun sórí káńtà, ó kó gbogbo rẹ̀ sí i, ó dì í bí wọ́n ṣe ń di ọmọ tuntun, ó gbé e sí apá, orí rẹ̀ sí ìgúnpá. Ó padà wá jókòó níwájú kámẹ́rà.

Kékeré bi í, “Kí lẹ gbé yẹn, Ìyá?”

“Ọmọ rẹ ni. Mo fẹ́ mọ bó ṣe wúwo lọ́wọ́.” Ó gbé e sókè díẹ̀, ó tún un gbé. “Ó wúwo dáadáa.”

Mi ò mọ ohun tí ojú Kékeré ṣe, mi ò ráàyè rí i. Mo gbọ́ tó ń sunkún, ẹkún tó rọ̀. Èmi náà sunkún lábẹ́ káńtà níbẹ̀, wáyà lọ́wọ́ mi, kò sì sí ẹni tó lè ní kí n má sun ún.

Ó rẹ ọmọ náà. Ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Ó ní, “Ìyá, oorun ń kùn mí. Ẹ má pa á o. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.”

Ìyá Agbẹ̀bí wò mí láti òkè káńtà. Òun tó mọ ẹ̀rọ pa ju gbogbo wọn lọ, ìdààmú ti bá a. Ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kó má bàa jí wọn.

“Tíṣà, báwo ni wọ́n ṣe ń fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí? O ò tíì kọ́ wa ní ìyẹn.”

“Ẹ kàn jókòó, Ìyá,” ni mo wí. “Ẹ má ṣe nǹkan kan.”

Ó ronú sí i, bó ṣe máa ń ronú sí ẹ̀kọ́ tuntun. Lẹ́yìn náà ló fẹ̀yìn ti àga, ó tún aṣọ funfun náà ṣe lórí apá rẹ̀, kò sì ṣe nǹkan kan. Èmi náà di wáyà mi mú.